Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Màámi Sọ̀kalẹ̀ Nínú Bàálù

Èmi ni mo ní kí ìyá mi sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù. Bàálù náà ò ní àrùn kankan lára. Kò sí ẹni tó tì mí sí i, kò sì sí ẹni tó rọ ọtí fún mi. Mo gbẹ́nu lé ohun tí mi ò mọ̀, ìyá mi sì gbà mí gbọ́ torí pé èmi ni ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú lókè òkun. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kó má baà di pé bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lọ́wọ́, mo ń wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi náà rù.

Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni mí. Ọ̀kadà ni mo ń gùn kí n tó kúrò nílé. Mo ń gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ń gbé àwọn ìyá tó ra iṣu lọ́jà padà sílé, bí owó ọ̀nà bá dára mo lè dé Ọ̀rà. Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Wọn ò lé mi o. Ariwo ẹ́ńjìnnì ló dùn létí mi ju ohùn tíṣà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Fọlákẹ́, ló ti ṣáájú wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn náà ló sì fà mí wá. Bí mo ṣe dé ibí, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tí mo bá níbí ni mo fẹ́ sọ.

Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo rí bàbá arúgbó aládùúgbò wa lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí i. Ní Ìlá, bí o bá kọjá lára àgbàlagbà láìkí i, ìròyìn ìwà rẹ á ti ṣáájú rẹ délé. Bàbá òyìnbó yìí kígbe, ó sáré wọlé, ó pe ìyàwó rẹ̀, àwọn méjèèjì jáde wá, ọ̀kan gbé tìmùtìmù lọ́wọ́, èkejì gbé omi. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n gbé mi dìde, wọ́n ní kí n mumi. Mo mu ún. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé kò tó. Nígbà tí mo wọlé sọ fún Àǹtí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá yẹn ti máa ń béèrè bóyá ara mi ti yá.

Iṣẹ́ tí mo rí ni fífọ inú bàálù. Bí bàálù bá ti balẹ̀, tí èrò ń gba iwájú jáde, àwa mẹ́fà a ti dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àpò ìdọ̀tí àti aṣọ ìnulẹ̀. Kí omi ìsebẹ̀ tó hó nílé, a gbọ́dọ̀ ti ṣe tán. A óò gbá a, a óò nu tábìlì, a óò ki ọwọ́ bọ àpò àga lọ́kọ̀ọ̀kan, a óò ká bẹ́líìtì sórí àga kó rí méjì méjì bí ẹni ká apá lé àyà. Mo ti rí eyín àtọwọ́dá nínú àpò àga, tí wọ́n fi bébà wé bí àkàrà. Mo ti rí bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Mo ń ronú ẹni yẹn dòní, bó ṣe fi ẹsẹ̀ kan wọ̀lú.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. N ò ní purọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀gá wa, obìnrin kan tí kì í yin ẹnikẹ́ni, wo ìlà àga mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní, "Èyí dára." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé bí ẹni gbé ẹran ìléyá.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pe Màámi. Ohun tó ń mú mi pè wọ́n kọjá pé mo fẹ́ gbóhùn wọn. Àwọn Yorùbá tá a jọ wà níbí, Yorùbá ìwé ìròyìn la jọ ń sọ. Ọmọ Ìbàdàn ò ní gbọ́ Ìgbómìnà mi, ọmọ Ìjẹ̀bú á fi mí rẹ́rìn-ín. Orí fóònù nìkan ni ahọ́n mi ti ń bọ́ bàtà, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn.

"Ṣé o ti ríṣẹ́?" Màámi bi mí.

"Mo ti ríṣẹ́, Màámi. Pápákọ̀ òfurufú ni."

"Páà! Níbi tí bàálù wà gan-an?"

"Inú bàálù gan-an ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń ké sí ìyá ilé kejì: "Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ mi ló ń tún bàálù ṣe fún òyìnbó!"

Ó yẹ kí n sọ pé rárá, gbígbá ni mo ń gbá a. Ẹnu mi là, ó tún padà dé. Ìyá tó fi ìlà kòkó méjì péré tọ́ èèyàn láti kékeré, inú wọn dùn, ẹ ní kí n fi ìgbálẹ̀ gbá ayọ̀ náà dànù?

Láàrin ọ̀sẹ̀ kan mo ti di Ẹńjiníà ní gbogbo àdúgbò wa. Àlàájì tó ń ra obì lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, pè mí fúnra rẹ̀ kó tó lọ sí Mẹ́kà.

"Ẹńjiníà wa, ṣé bàálù tí wọ́n fẹ́ fi kó wa yìí dára?"

"Àwọ̀ wo ni, Àlàájì?"

"Funfun ni."

"Á dára, Àlàájì."

"Alihamudulilai!"

Bàálù wo ni kì í ṣe funfun? Àlàájì lọ, ó bọ̀, ó sì ń sọ káàkiri pé ọmọ náà mọṣẹ́. Ìgbà tí irọ́ bá ti so èso dídùn lẹ́ẹ̀kan, èèyàn á tún gbin òmíràn.

Ọjọ́ kan, ẹni tó máa ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kò wá, wọ́n ní kí n bọ́ sí ipò rẹ̀. Àga bàálù ọjọ́ náà ti họ, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ṣá. Lára ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí àwo irin kékeré kan tí wọ́n ya sìgá sí. Ibi tí wọ́n ń tẹ sìgá pa sí ni. Mo dúró, mo ro ó. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fòfin de sìgá nínú bàálù, wọ́n ń kéde rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó túmọ̀ sí pé bàálù tó bá ṣì ní àwo sìgá, ayé àtijọ́ ni wọ́n ti kàn án. Ìrònú yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo ń rẹ́rìn-ín èmi nìkan nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wo ọjọ́ orí bàálù láìbi ẹnikẹ́ni! N ò sì bi ẹnikẹ́ni lóòótọ́.

Nígbà yẹn, oyún Àǹtí mi ti wọ oṣù kẹjọ. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára wọn ṣáájú èyí. Ọkọ wọn ń wa ọkọ̀ ẹrù ńlá, ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ ni kì í fi í sí nílé. Ohun tó ń fi Àǹtí lọ́kàn balẹ̀ ni pé Màámi ti rí físà gbà, wọ́n ń bọ̀ wá wẹ ọmọ. Nílé wa, ìyá ẹni ló ń wẹ ọmọ tuntun fún èèyàn. Ìyá ni yóò fi òrí pa á lára, tí yóò na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì fi omi gbígbóná tọ́jú ẹni tó bí i.

"Kì í ṣe ìrọbí ló ń bà mí lẹ́rù," Àǹtí sọ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọwọ́ wọn wà lórí ikùn. "Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ ní ọsibítù, tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n Màámi á ti dé."

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Màámi gbéra ni wọ́n pè mí.

Ẹ óò rántí pé ní ibùdókọ̀ tiwa, èèyàn kì í ṣàdédé wọ mọ́tò. Á kọ́kọ́ yí i po. Á wo táyà, á wo bọ́dì, á wo ojú dírẹ́bà. Màámi kì í wọ mọ́tò tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀, kódà kó jẹ́ òjò ló ń rọ̀.

"Wọn ò ní jẹ́ kí n yí bàálù po, àbí?"

"Rárá o, Màámi. Inú nǹkan gígùn kan bíi kọ́ńténà lẹ máa gbà wọlé. Ẹ ò tiẹ̀ ní rí ara rẹ̀."

"Háà! Kí n wọ ohun tí mi ò wo táyà rẹ̀? Kí ni kí n wá wò, Ẹńjiníà mi?"

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe é. Mo gbọn ara mi, mo ní: "Ẹ lọ wo ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí àwo sìgá níbẹ̀, bàálù náà ti gbó. Bàálù tó gbó ò ṣeé wọ̀."

Lọ́jọ́ tí Màámi máa gbéra, mo ń jẹ búrẹ́dì lásìkò ìsinmi níbi iṣẹ́ nígbà tí fóònù dún. Màámi ni. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo ti rí i."

"Kí lẹ rí, Màámi?"

"Àwo sìgá. Ó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó o ṣe wí. Wọ́n tiẹ̀ ya sìgá sí i."

Mo bi wọ́n pé, "Ṣé àga ibẹ̀ ti họ?"

"Kò họ. Ó ń rùn bíi bàtà tuntun. Àmọ́ ṣé wọn ò lè pààrọ̀ àga ni?"

"Wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀."

"Kí ni kí n ṣe? Wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn."

Mo ní àkókò tó tó kéèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo lè sọ pé, Màámi, agbálẹ̀ ni mí, ẹ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Wúyẹ́wúyẹ́ parí. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi o! Ọmọ mi tó jẹ́ ẹńjiníà ní bàálù yìí ti gbó!"

Ohùn ọkùnrin kan ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó! Ìwọ tó o jókòó, ṣé o ti wo ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì?"

Ohùn obìnrin kan béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé ẹńjiníà gidi ni ọmọ yín?"

"Ṣé ayédèrú ń bẹ ní ìlú òyìnbó ni?"

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ àdúrà sókè. Ọmọ kékeré kan bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Fóònù kú.

Wọ́n sọ Màámi kalẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tú ẹrù gbogbo kí wọ́n tó rí báàgì wọn, bàálù sì pẹ́ kó tó gbéra. Ó gbéra ṣá. Ó fò, ó balẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Tíkẹ́ẹ̀tì Màámi jóná. Kí ẹbí tó rí àyè mìíràn fún wọn, ó di ọ̀sẹ̀ méje.

Àlọ́ tí Màámi pa fún Àǹtí mi ni pé orúnkún ló dá àwọn dúró. Wọn ò fẹ́ kí inú aláboyún ru. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá nígbà tí Àǹtí ń gbọ́ ọ lórí fóònù. "Kò burú, Màámi," ni wọ́n wí. "Orúnkún àgbà ni. Ẹ tọ́jú ara yín." Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n ṣí omi ẹ̀rọ, omi náà sì ń ṣàn lọ láìsí àwo kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣí i. Wọn ò fẹ́ kí n gbọ́ ẹkún wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo bá Mista Wínsítìn níbi tó ti ń mu tíì. Ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà ni, ẹńjiníà gidi, irun rẹ̀ funfun bí òwú. Mo rò ó fún un bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò tàn án jẹ. Ó béèrè ọjọ́ àti àkókò tí bàálù náà gbéra, ó tẹ fóònù rẹ̀ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀.

"Ọdún méjì ni bàálù yìí," ó ní. "Bàtà tó o wọ̀ yẹn jù ú lọ."

Mo wo bàtà mi. Òótọ́ ni.

"Àwo sìgá ńkọ́, sà?"

"Òfin ni. Wọ́n ní kí èèyàn má mu sìgá, ṣùgbọ́n ṣé gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ràn? Bí olórí kunkun kan bá mu ún ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ibo ni yóò jù ú sí? Sínú bébà? Kí iná sọ? Nítorí náà, èyí tí wọ́n kàn lónìí gan-an gbọ́dọ̀ ní àwo. Kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ orí."

Lẹ́yìn náà ni mo bi í léèrè ohun tó yẹ kí n ti bi í látọjọ́: "Tó bá wá jẹ́ pé ó gbó lóòótọ́ ńkọ́?"

Ó gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó mú mi lọ sínú ilé ńlá tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti tú gbogbo inú rẹ̀. Kò sí àga, kò sí ilẹ̀, kò sí ògiri, wáyà ń yọ bí ìfun. Àwọn èèyàn fi iná tọ́ọ̀ṣì ń wo egungun rẹ̀ níwọ̀n ìka níwọ̀n ìka.

"Ọdún mélòó lo rò pé eléyìí jẹ́?"

"Á ti lé lógójì, sà."

"Mẹ́tàlélógún. Ìwọ náà lo fọ̀ ọ́ lóṣù tó kọjá, tó ò ń sọ fún gbogbo wa pé tuntun ló dára."

Wọ́n ti kùn ún lọ́dà ni, mo sì rò pé ọmọ tuntun ni. Bàbá náà fi ọwọ́ gbá ara irin. Ó ní bí bàálù bá ń lọ sókè, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú kí èèyàn lè mí, ara rẹ̀ á wú díẹ̀. Bó bá balẹ̀, ara rẹ̀ á rọ̀. Wíwú àti rírọ̀ yẹn ló ń mú kó rẹ irin. Torí náà, ọdún nìkan kọ́ làwọn ń kà, àwọn ń ka iye ìgbà tó gbéra tó sì balẹ̀. Èyí tó ń sáré kúkúrú ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́ lè tètè gbó ju èyí tó ń dá òkun kọjá lẹ́ẹ̀kan lọ, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́.

"N ò ní tàn ọ́," ó ní. "Àgbàlagbà bàálù ń fẹ́ ojú púpọ̀. Ìpẹtà á yọ. Irin á sán, á rí tínrín bí irun orí. Ìdí tá a fi ń tú u nìyẹn, bó bá sì ṣe ń dàgbà sí i la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Ibi tí kò bá dára, a ó gé e kúrò, a ó fi tuntun sí i. Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni èyí tó ti sú olówó rẹ̀ láti wò. Ìyẹn lè jẹ́ ogún ọdún, ó sì lè jẹ́ ọdún méjì. Má béèrè ọjọ́ orí nìkan. Béèrè ta ló ń tọ́jú rẹ̀, ṣé wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀."

Ojú tì mí, torí pé mo ti mọ ẹ̀kọ́ yẹn tẹ́lẹ̀, mi ò kàn mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Píjó bàbá mi, tó ń kó iṣu wá láti oko, ti wà kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo Sátidé ni bàbá mi máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọn a sì kí i bí ẹni kí ìyàwó. Kò dá wọn dúró lọ́nà rí títí wọ́n fi kú. Ọ̀kadà tèmi, tuntun nínú páálí ni mo rà á. N ò pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ fún odindi ọdún kan. Ojú ọ̀nà Ọ̀rà ló kú sí, tèmi tèrò la sì jọ tì í wálé.

Nígbà mìíràn, mo máa ń ro ọ̀rọ̀ bàbá yẹn mọ́ ara mi. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti lò níbí, bí ẹni pé ọdún ló ń sọ èèyàn di ará ibì kan. Kì í ṣe ọdún ló ń rẹ̀ mí. Bí mo bá pe ilé, mo ti gbéra, mo wà ní Ìlá, mo ń gbọ́ àkùkọ àti ẹ̀rọ ìlọta. Bí fóònù bá kú, mo ti balẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ẹni kan ṣoṣo. Èmi ló yẹ kí wọ́n máa ka gbígbéra àti bíbalẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn kan náà ń yẹ̀ mí wò: Àǹtí tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun, bàbá aládùúgbò tó ń béèrè ara mi. Ó jọ pé ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sán.

Àǹtí bí ọmọkùnrin. Iṣẹ́ abẹ ni àwọn dókítà fi gbà á. Ọjọ́ tí wọ́n dé láti ọsibítù, Àǹtí ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ wọn ti padà sójú ọ̀nà lọ́jọ́ kẹta. Ọmọ ń ké. Mo gbé fóònù ti ìgò omi, mo pe Màámi lórí fídíò.

"Ta ló máa wẹ ọmọ?" Màámi béèrè.

Èmi àti Àǹtí wojú ara wa.

"Ó dáa," Màámi ní. "Ẹńjiníà, jókòó sórí àpótí. Na ẹsẹ̀ rẹ. Gbé ọmọ lé e."

Mo jókòó. Mo gbé ọmọ lé itan mi.

"Di orí rẹ̀ mú! Ìyẹn kọ́ ni orí, ìdí nìyẹn! Fi omi sí i lẹ́yìn ọrùn. Ṣé o ti wo bóyá omi náà gbóná jù? Fi ìgúnpá wò ó, má fi ọwọ́ agídí yẹn wò ó. Nu abíyá rẹ̀. Nísinsìnyí, na apá ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì. Rọra! Ṣé iṣu lò ń fà tu ni?"

"Màámi, ẹ ní kó má jẹ́ kí ọmọ mi já o!" Àǹtí ń ké láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń fi ọwọ́ di ojú iṣẹ́ abẹ mú. "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ó ń dùn mí!"

Mo fi òrí pa á láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ náà yán, ó sùn. N ò tíì rí ìyìn tó tó ìyẹn.

Gbogbo àárọ̀ ni mo ń ṣe é lẹ́yìn náà, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ń yalé wo ọmọ bá mi lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo nawọ́ sí fóònù. Màámi juwọ́ sí i láti Ìlá, wọ́n ní kí n sọ fún òyìnbó náà pé kó má dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Lọ́jọ́ kẹjọ, orí fóònù náà ni Màámi ti sọ ọmọ lórúkọ. Ayọ̀délé. Àǹtí gbé ọmọ sún mọ́ fóònù kí Màámi lè sọ̀rọ̀ sí i létí. Ìyá àgbà tó yẹ kó gbé e mọ́ra, gíláàsì ni wọ́n ń fọwọ́ pa. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo pàtẹ́wọ́ náà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méje pé, mo béèrè bàálù tí Màámi máa wọ̀ lọ́wọ́ Mista Wínsítìn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni. Mo pe Màámi lórí fídíò, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní bàálù ti ìgbà yẹn, ọmọ ọdún méjì ni. Mo ní eléyìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n wọ̀ ọ́. Mo ní èmi kì í ṣe ẹńjiníà, agbálẹ̀ ni mí.

Màámi bú sẹ́rìn-ín, irú èyí tó ń mú wọn wúkọ́.

"Ìwọ? Ìwọ tó jẹ́ pé èmi ni mò ń gbá yàrá fún ọ ní Ìlá? Òyìnbó mú ọ gbálẹ̀?" Wọ́n nu ojú. "Mo wá pariwo ẹńjiníà lójú gbogbo ayé. Ó dáa. Mo máa wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n má tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Jẹ́ kí ara rẹ̀ le ná."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájì pẹ̀lú. Ó ní kò burú, ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ló ń kọ́kọ́ rí ibi tí ògiri ti ń sán, ó sì tún bi mí nípa bàálù ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kó bi àwọn tó ń tún un ṣe.

Nígbà tí Màámi dé, mo gbé ọmọ lọ pàdé wọn. Wọn ò tíì kí mi tí wọ́n ti ń wo abẹ́ ọrùn rẹ̀, abíyá rẹ̀, àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "O ṣe é dáadáa," ni wọ́n wí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n lò kí wọ́n tó padà sílé.

Ayọ̀délé ti ń sáré báyìí. Ara Àǹtí ti le tipẹ́, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí tí Màámi fi ní kí n dákẹ́ ti tán, mo sì ṣì dákẹ́. Bí àlejò bá wá, Àǹtí á fi ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n á ní, "Nígbà tí orúnkún Màámi dá wọn dúró, àbúrò mi yìí ló ṣe ìyá fún mi." Àwọn àlejò á súre fún mi. Èmi á ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, iyán ń bẹ nílẹ̀, èmi, Àǹtí àti Ayọ̀délé nìkan la wà nílé. Mo ní, "Àǹtí mi, orúnkún Màámi yẹn..." Àǹtí ti mú ìwe adìyẹ nínú ọbẹ̀ wọn, wọ́n fi sí mi lẹ́nu kí n tó parí rẹ̀. "Jẹ ẹ́," wọ́n ní. "Ìwọ ló tọ́ sí."

Mo jẹ ẹ́. Gbólóhùn tó kù kò gùn: Àǹtí mi, kì í ṣe orúnkún, èmi ni. Mista Wínsítìn ti mọ̀ ọ́n, mo ti sọ ọ́ fún Màámi àti Àlàájì, mo sì ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á báyìí. Ẹni tí mo jẹ ní gbèsè rẹ̀ ni mi ò tíì san án fún.